Pepper's ghost: ohun tó ń gbé ère sórí àga òfìfo

Ẹ wọ ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní Abuja, ẹ rí ère ìbejì lórí àga, ó ń hàn fírífírí, ẹ sì ń rí igi àga náà gba inú ara rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn lọ na ọwọ́ sórí àga, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tó ń polówó máa ń pè é ní hologram, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pepper's ghost ni, ìyẹn iwin Pepper. Henry Dircks, onímọ̀ ẹ̀rọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, àmọ́ ìlànà tirẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n tún gbọ̀ngàn kọ́. John Henry Pepper, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tún un tò kó lè bá gbọ̀ngàn tó ti wà nílẹ̀ mu, ó sì fi í han àwọn ará London ní oṣù Kejìlá 1862. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi mú Tupac, olórin ráàpù tó kú ní 1996, jáde lórí ìtàgé àjọ̀dún orin Coachella ní Amẹ́ríkà ní 2012.

Gíláàsì tó mọ́ gaara ló ń ṣe é. Ẹ gbé e dúró dàbùú, ní igun dígírì 45, síwájú àga. Ère gan-an wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ojú èrò ò dé. Ìmọ́lẹ̀ ara àga gba inú gíláàsì kọjá, ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ère wá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni gíláàsì ń dá padà sójú wa. Ìdá kan yẹn ni iwin. Nítorí pé gíláàsì dúró dàbùú, inú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń fi hàn, òǹwòran kì í rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà. Ẹ mú ibì kan lára gíláàsì: bó ṣe jìnnà sí ère ni kó jìnnà sí orí àga. Bí ère bá wà ní 120 cm, tí àga wà ní 90, bí òǹwòran bá ti yí orí báyìí, iwin á yọ̀ kúrò lórí àga. Ọ̀tún á sì di òsì: fìlà tó gẹ̀ sọ́tùn-ún á hàn bíi pé ó gẹ̀ sósì.

Nítorí ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn, iná orí ère gbọ́dọ̀ tàn ní ìlọ́po púpọ̀ ju iná orí àga lọ. Ẹ fi díma, ohun tó ń dín agbára iná kù, sí i, kí iwin lè máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé iná méjèèjì sórí ínfátà, torí bí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, iwin á parẹ́ lójijì níwájú èrò.

Òkùnkùn ni kí ẹ náwó lé jù lọ. Ẹ fi àrán dúdú bo ògiri, ilẹ̀ àti òrùlé àpótí ère, títí kan ohun tí ère dúró lé. Ọ̀dà dúdú tó ń dán kò dára, torí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, àpótí á sì hàn lẹ́yìn iwin. Bí owó ò bá tó, ẹ ra gíláàsì kékeré, ẹ lo ère kékeré, àmọ́ ẹ má ṣe dín àrán kù.

Ojú méjì ni gíláàsì ní, iwájú àti ẹ̀yìn, kálukú ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Gíláàsì 6 mm á mú àwòrán kejì jáde ní nǹkan bí 4.5 mm sí àkọ́kọ́. Ti 4 mm á mú un jáde ní 3 mm. Lára ère tó kéré, ẹ ó rí imú méjì. Iké fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n nà le bí awọ ìlù kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù máa ń mì ín. Bí ẹ bá lọ ra gíláàsì ní ọjà Dei-Dei, ẹ kọ èyí tó ní àwọ̀, ti fèrèsé ni.

Ọyẹ́ Abuja kì í ṣe ọ̀rẹ́ iṣẹ́ yìí. Eruku bà lé gíláàsì, iná kọ lù ú, gíláàsì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí á fojú hàn. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láràárọ̀, kí ẹ sì yí iná ère kó má ṣe kọ lu gíláàsì tààrà. Ẹ fi okùn dí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú: ọmọdé tí kò rí gíláàsì á sáré lọ bá ère náà, ẹni tó bá sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù á rí inú àpótí.