Àkọsára ni ká máa pè é

Ẹni tó bá kọ “mẹ́tadátà” sínú àpilẹ̀kọ Yorùbá kò tíì túmọ̀ nǹkan kan. Ó gbé metadata, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń kọ mọ́ orin, fídíò tàbí àwòrán kí a lè mọ ohun tó jẹ́ àti ẹni tó ni ín, látinú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi àmì ohùn dé e lórí, ó wá ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ lọ sí Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí ẹ bi èyíkéyìí nínú àwọn tó ń ta káàdì ìpè pé kí ni mẹ́tadátà. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn onífóònù tún ti gbé dátà tuntun jáde, mẹ́ta ní iye ẹyọ kan. Kò jẹ̀bi rárá. Mẹ́ta tí a fi ń ka owó ló gbọ́, àti dátà tó ń tán lórí fóònù rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ etí Yorùbá tó sì gba ibòmíràn lọ, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ni àtúnṣe wà.

Àwọn míì sá fún àyálò, wọ́n wá kó sí ohun tó burú jù ú lọ: “ìwífún nípa ìwífún”. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Gbólóhùn tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni wọ́n kó wá lódidi, tí wọ́n sì fi jẹ orúkọ. Ta ló máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, “Lọ tún ìwífún nípa ìwífún orin yẹn ṣe kó o tó gbé e síta”? Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò bá lè gbé níbi iṣẹ́, inú ìwé atúmọ̀ èdè ló máa kú sí.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni àkọsára: ohun tí a kọ sí ara nǹkan. Ẹ wo àwọn ẹbí rẹ̀ tó ti wà nílé tipẹ́. Èyí tí a kọ lé nǹkan lórí là ń pè ní àkọlé. Èyí tí a kọ sílẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Èyí tí a kọ tó tọ́ ni àkọtọ́. Ẹnu ti mọ ọ̀nà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ ìdajì ohun tó túmọ̀ sí kí ẹ tó là á yé e.

Kí wá ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ẹ rántí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà. Ìkòkò tí wọ́n yá láti ilé mẹ́fà mẹ́jọ á kóra jọ síbẹ̀, èéfín á ti sọ gbogbo wọn di dúdú kan náà. Àwọn ìyá tó gbọ́n ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tàbí ọ̀dà kọ ọ́ sí ìdí tiwọn: Ìyá Ṣadé, Òkè-Ẹlẹ́rin. Bí ìnáwó bá parí, ọmọ tí wọ́n rán wá kó ìkòkò kì í tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó mọ tilé wọn. Á dojú ìkòkò dé, á ka ìdí rẹ̀, á gbé e, ó di ilé. Èyí tí kò ní nǹkan kan nídìí ló ń sùn sẹ́yìn ilé onílé. Orin, fídíò, àwòrán àti ètò rédíò tí a ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ìkòkò yẹn. Google, YouTube àti àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí tó kù ni ọmọ tí wọ́n rán, wọ́n sì gbára lé ìdí ìkòkò gan-an. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni àkọsára: orúkọ orin, ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó jáde, èdè rẹ̀, ẹni tó ni ín.

Àwọn onímọ̀ ilé ìkàwé máa ń pín in sí oríṣiríṣi, wọ́n sì máa ń jiyàn bóyá inú fáìlì gan-an ló wà àbí inú àkọsílẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró. Níbi yòówù kó wà, àkọsára ni.

Orin MP3 ni ká wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá jù. Ní 1996, ẹnìkan tó ń jẹ́ Eric Kemp ṣètò báìtì 128 (báìtì kan gba lẹ́tà kan) sí ìparí fáìlì orin kí ibi tí a ó kọ nǹkan sí lè wà. ID3 ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n lẹ́tà fún orúkọ orin, ọgbọ̀n fún olórin, mẹ́rin fún ọdún, àti nọ́ńbà kan ṣoṣo fún irú orin. Oríṣi 80 ló wà nínú ìwé orúkọ tí nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. Polka wà níbẹ̀. Reggae wà níbẹ̀. Jùjú kò sí, fújì kò sí, àpàlà kò sí, ká má tíì wá dárúkọ ìjálá. Lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́: à àti é wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi síbẹ̀, àmì ìbéèrè ló máa bá lójú fóònù. Wọ́n ṣe ID3 mìíràn jáde ní 1998 tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, àyè rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ mọ́, síbẹ̀ a ò kọ ọ́.

Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sun ìjálá tó dé ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá nígbà ayé rẹ̀. Lónìí, ẹ gba mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé orin síni lórí fóònù, kí ẹ wo bí ìjálá ṣe ń jókòó síbẹ̀. Track 01. Track 02. Èyí tó gba orí WhatsApp wá á máa jẹ́ AUD-20210314-WA0007. Ẹ ṣí àkọsára rẹ̀: àyè olórin ṣófo, tàbí kó jẹ́ pé àdírẹ́sì àwọn tó ń pín orin lọ́fẹ̀ẹ́ ló gba àyè ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sun ún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kánádà tó bá tẹ Fọ́yánmu sínú àpótí ìṣàwárí kò ní rí irú àwọn fáìlì yìí láéláé, ohùn bàbá náà sì wà nínú wọn. Ohun tó ń ká mi lára nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n máa bá àwọn èèyàn fa ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Ohun tí a ò bá rí orúkọ tó ṣe é pè fún, a ò ní rán ara wa létí láti ṣe é.

Wọ́n ti takò mí. Olùkọ́ èdè kan ní Ọ̀yọ́ ní ilà ló yẹ ká máa pè é, torí ilà ojú la fi ń dá èèyàn mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò gbà fún un. Abàjà kì í bọ́ lójú ẹni tó kọ ọ́. Àkọsára ń bọ́: ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibi tí ẹ ti yà á á ti pòórá lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, àfi tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Àwọn míì ní oríkì. Ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ti gba oríkì lọ fún ohun mìíràn, ó sì tún jẹ́ pé oríkì máa ń wú olóríkì lórí. Kò sí ìwúrí nínú “1974, ìṣẹ́jú 18”. Ẹnìkan tún ní àkọsára á máa dà bí èyí tí wọ́n fín sára. Fínfín ti ní orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe ara fínfín ní kíkọ.

Àtakò tó lágbára jù kò tilẹ̀ kan èdè. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń fetí ara rẹ̀ gbọ́ orin báyìí, kí la tún ń kọ nǹkan sí i lára fún? Ẹ wo Shazam, tó ti wà láti 2002. Ẹ gbé fóònù sí orin, á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ohùn tó gbọ́ ló fi ń wá ohùn tó jọ ọ́ nínú ìpamọ́ rẹ̀, àkọsára tí ẹnìkan ti kọ sí èyí tó wà ní ìpamọ́ ló sì ń kà fún yín. Bí kò bá sẹ́ni tó kọ ọ́, kò ní rí nǹkan kà. Kàkà kí iṣẹ́ àkọsára dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ní 2021, Adobe, BBC, Intel, Microsoft àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ C2PA sílẹ̀ kí wọ́n lè fi òǹtẹ̀ lu àkọsára àwòrán àti fídíò, kí aráyé lè mọ ibi tó ti wá àti bóyá ẹ̀rọ ló yà á. Àkọsára olóǹtẹ̀ ni mò ń pe èyí. Ẹ fi “ìwífún nípa ìwífún” gbìyànjú irú rẹ̀ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ orúkọ olórin àti ti orin pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì tún kọ èyí tí kò ní àmì sí àyè àlàyé, torí “Foyanmu” lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa tẹ̀. Ní àyè èdè, yo ni kóòdù Yorùbá, yor ni tàwọn tó ń lo lẹ́tà mẹ́ta. Bí ẹ bá bá en, kóòdù Gẹ̀ẹ́sì, níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́.