Mode: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òfúrufú gbà pé òun ń ṣe

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú, Kutọnu ló ń lọ, ní pápákọ̀ Kajẹhun. Nínú táksí tó ń gbé èèyàn lọ, ẹ ò ní ṣàìgbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ẹ̀rọ ló ń wa bàálù ayé ìsinsìnyí, pé awakọ̀ kàn jókòó lásán ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ju ẹyọ kan lọ. Autopilot ló ń darí imú ọkọ̀, sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Autothrottle ló ń bu agbára fún ẹ́ńjìnnì tàbí kó dín in kù, kí eré lè ṣe déédéé. Onírúurú iṣẹ́ ni awakọ̀ lè gbé lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́: "dúró ní gíga yìí", "máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀", "di eré yìí mú", "a ti fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀, dá agbára dúró". Èyí tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ lásìkò kan ni wọ́n ń pè ní mode. Orúkọ rẹ̀ a máa hàn ní lẹ́tà kéékèèké lókè ojú ẹ̀rọ tó ń tàn níwájú awakọ̀.

Ẹ̀rọ lè wà nínú mode kan, kí awakọ̀ gbà pé òmíràn ló wà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lókè réré, àyè wà láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ wá balẹ̀, eré ti dín, ilẹ̀ ti súnmọ́, iṣẹ́ sì ti kún ọwọ́ awakọ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2009, Boeing 737 ti Turkish Airlines ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Amsterdam. Ẹ̀rọ méjì ló ń fi rédíò wọ̀n bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ti òsì ń purọ́. Ọkọ̀ ṣì wà ní nǹkan bí mítà 600 lókè, ó ní wọ́n ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 lábẹ́ ilẹ̀. Ti òsì yìí gan-an ni autothrottle ń gbọ́ tirẹ̀. Ló bá bọ́ sínú mode ìfẹsẹ̀kanlẹ̀, ó fa agbára ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ pátá. Autopilot ń gbọ́ ti ọ̀tún ní tirẹ̀, ó ń gbé imú ọkọ̀ sókè kí wọ́n má bàa yà kúrò lójú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ orí ọ̀sà tiwa: ẹni tó wà nídìí ń darí, ẹni tó wà níwájú ń fi àjẹ̀ wà á. Ẹni iwájú gbà pé wọ́n ti gúnlẹ̀, ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kò mọ̀. Ọkọ̀ omi á ṣì máa léfòó ṣá. Bàálù tí kò ní eré, jíjábọ́ ló kù fún un.

Kí làwọn awakọ̀ wá ń wò? Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ga ju bó ti yẹ lọ nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n dín gíga àti eré kù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó rọlẹ̀ jọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ibí yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn náà: irọ́ ẹ̀rọ bá ìfẹ́ wọn mu fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ mode náà wà lójú ẹ̀rọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti kìlọ̀ pé eré ti lọ sílẹ̀ jù, awakọ̀ ti agbára síwájú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pa autothrottle, ó sì tún fà á padà. Èèyàn 9 ló kú nínú 135, àwọn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn.

Ti San Francisco, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2013, kò sí ẹ̀rọ kankan tó purọ́. Boeing 777 ti Asiana, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan ní Kòríà, ga jù, awakọ̀ yan mode kan tó fẹ́ gbé ọkọ̀ padà sókè, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa agbára wálẹ̀. Bí autothrottle ṣe ń ṣe nínú mode yẹn nìyí: bí o bá fọwọ́ fà á, á ká ọwọ́ kúrò, kò ní ṣọ́ eré mọ́. Awakọ̀ gbà pé ó ṣì ń ṣọ́ ọ. Eré tó yẹ kó jẹ́ kìlómítà 254 ní wákàtí lọ sílẹ̀ dé 191. Èèyàn 3 kú nínú 307.

Ní Faransé, ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1992, ọkọ̀ Airbus A320 ti ilé iṣẹ́ Air Inter ń lọ sí Strasbourg lálẹ́. Bọ́tìnì kan náà ló ń gba òǹkà méjì, dígírì ìsọ̀kalẹ̀ tàbí iye ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí àwọn olùwádìí kà sí èyí tó ṣeé ṣe jù ni pé dígírì 3.3 ni awakọ̀ fẹ́, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 800 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ mode ẹsẹ̀ bàtà ni ẹ̀rọ wà, ó sì ka 33 sí 3,300. Ọkọ̀ náà kọlu òkè kan nítòsí Mont Sainte-Odile, èèyàn 87 kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Airbus tó ṣe ọkọ̀ náà jẹ́ kí òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa hàn lódindi.

(Ìjàm̀bá Kutọnu ti ọjọ́ Kérésìmesì 2003 kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Ẹrù ló pọ̀ jù, nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra ni.)

Lóde òní, wọ́n ń kọ́ awakọ̀ láti ka orúkọ mode síta nígbàkigbà tó bá yí padà, kí ẹnì kejì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí eré tàbí agbára kò bá sì tíì ṣe déédéé nígbà tó ku nǹkan bí mítà 300, òfin ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni pé kí wọ́n má balẹ̀. Ẹ ó kàn gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, imú ọkọ̀ á gbéra, Kajẹhun á tún jìnnà sísàlẹ̀. Wọ́n ń yípo ni, wọn á tún padà wá.