Rédíò dákẹ́, bàálù ò torí ẹ̀ já

Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa ní Kubwa, kì í wọ bàálù lọ sí Èkó. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń gbà, ọ̀nà tí àwa yòókù ń fi àdúrà kọjá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní: "Tí rédíò tí wọ́n fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ bá kú ńkọ́? Ta ni yóò máa darí ẹ̀? Àbí o ti gbàgbé ti Bellview ni?"

Mi ò gbàgbé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù náà gbéra ní Èkó, Abuja níbí ló ń bọ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí àfọ́kù ẹ̀ ní abúlé Lisa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ènìyàn 117 ló bá a lọ. Láti ìgbà náà, "wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́" ti di "ó ti já" létí ọ̀pọ̀ wa.

Òótọ́ ni pé bàálù tó bá já kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Pé èyí tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ yóò já, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kò sí okùn tí àwọn tó wà nílẹ̀ fi fa ọkọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiwọn ni kí ọkọ̀ méjì má pàdé lókè, kí àwọn tó ń bọ̀ wá balẹ̀ sì tẹ̀lé ara wọn. Awakọ̀ ló ń wakọ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé: wa ọkọ̀ rẹ ná, mọ ibi tí o dorí kọ, lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ̀rọ̀.

Rédíò gan-an kì í dédé kú tán. Méjì, ó kéré tán, ló máa ń wà nínú bàálù akérò ńlá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹ̀dá ló fà á: ẹnì kan ṣi ìkànnì tẹ̀, tàbí ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ọkọ̀ Northwest 188 ní Amẹ́ríkà dákẹ́ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ó sì kọjá Minneapolis tó yẹ kó balẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ni àwọn awakọ̀ méjèèjì ń tẹ̀! Wọ́n ṣẹ́rí padà, gbogbo èrò sì sọ̀kalẹ̀ láyọ̀.

Bó bá wá kú lóòótọ́ ńkọ́? Awakọ̀ á wo okùn etí ẹ̀, á padà sí ìkànnì tó fi sílẹ̀, á gbìyànjú 121.5 tí í ṣe ìkànnì pàjáwìrì. Bí kò bá sí èsì, á tẹ 7600 sínú transponder. Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí rédíò ọ̀rọ̀; òun ló ń dá rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀ láti ilẹ̀, lóhùn. Bí nọ́ńbà náà bá ti hàn lójú ẹ̀rọ, adarí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ mọ̀ pé ẹni yìí ò lè sọ̀rọ̀. Á tún dán an wò: "Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ tẹ ident," ìyẹn bọ́tìnnì kan lára transponder. Bí àmì ọkọ̀ náà bá tàn yàtọ̀, a jẹ́ pé ẹnu nìkan ló dí, etí ṣì ń gbọ́.

Bí etí náà bá dí, àdéhùn ló kù. Bí èmi àti ọmọ mi bá wọ ọjà Wuse, mo máa ń sọ fún un pé: "Tá ò bá rí ara wa, ìdí mọ́tò ni kó o lọ." Ohun tí àwọn awakọ̀ ṣe nìyẹn, àfi pé àdéhùn tiwọn kárí ayé. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, kó balẹ̀ sí pápákọ̀ tó yẹ tó sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá wà nínú kùrukùru, kó di gíga àti eré tí wọ́n fún un gbẹ̀yìn mú fún 20 ìṣẹ́jú, tàbí 7 níbi tí rédà ti ń ṣọ́ ọ, kó wá tẹ̀lé ètò ìrìnàjò tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kí ó tó gbéra. Nílẹ̀, wọ́n á lé àwọn yòókù kúrò lọ́nà ẹ̀. Bó bá dé òkè pápákọ̀, iná wà ní ilé ìṣọ́: àwọ̀ ewé tó dúró, máa balẹ̀; pupa tó dúró, fún ẹlòmíràn lọ́nà, kó o máa yípo; pupa tó ń ṣẹ́jú, má balẹ̀ níbí. Lọ́sàn-án, ó lè mi apá ọkọ̀ láti fi hàn pé ó rí i. Nínú eruku ọyẹ́ ní Kano, iná yẹn lè máà hàn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ìgbì tí ẹ̀rọ ILS ní pápákọ̀ fi ń mú ọkọ̀ wálẹ̀ kò nílò ẹnu ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kò sí ewu o. Ní Brazil lọ́dún 2006, ọkọ̀ kékeré kan pàdánù ọ̀rọ̀, transponder ẹ̀ náà ò sì ṣiṣẹ́. Òun àti bàálù akérò Gol 1907 kọlu ara wọn lókè, ènìyàn 154 kú. Etí dí, ojú náà fọ́.

Níhà àríwá wa níbí, àwọn awakọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ lórí aṣálẹ̀ Sàhárà kì í fi gbogbo ara gbọ́kàn lé ilẹ̀. Ìkànnì kan wà fún wọn, 126.9. Awakọ̀ á sọ níbẹ̀ pé: ibi báyìí ni mo wà, gíga mi rèé, ibi báyìí ni mo dorí kọ. Kì í ṣe adarí kankan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lókè nítòsí ló ń sọ ọ́ fún.