Fífi léésà oní-pulse kúkúrú ya ìlà sára awọ agbéná

Èyí jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo pulse, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ léésà tó tàn fún ìgbà kúkúrú gan-an, láti ṣí apá kan kúrò lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé iná, láìba gíláàsì tàbí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ ẹ lé jẹ́. Awọ tó wọ́pọ̀ jù ni ITO, àdàlù ọ́síàdì índíọ̀mù àti tánńganran, tó sábà máa ń nípọn tó 100 sí 200 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Iṣẹ́ náà kò nílò ásíìdì rárá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú awọ ló kọ́kọ́ ń gba agbára ìmọ́lẹ̀. Ó ń tó picosecond mélòó kan (picosecond jẹ́ ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) kí wọ́n tó tari rẹ̀ sí átọ̀mù. Bí pulse bá ti parí kó tó dìgbà yẹn, ooru kì í ráàyè ràn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí léésà nanosecond (ìlọ́po ẹgbẹ̀rún picosecond) fi ń yọ́ etí ìlà ju ti femtosecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún picosecond) lọ. Àmọ́ bí pulse bá ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá jù, ooru lè ṣì kó jọ. Donna Strickland àti Gérard Mourou ló gbé ọ̀nà tí irú pulse bẹ́ẹ̀ fi ń lágbára jáde lọ́dún 1985. Wọ́n pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2018.

Ìṣirò àmì

Iye agbára tó bọ́ sórí cm² kan ló ń pinnu iṣẹ́ yìí. Ìtànṣán sábà máa ń lágbára jù láàárín, a sì máa dínkù lọ sí etí; agbára àárín rẹ̀ ni F = 2E/πw², níbi tí E ti jẹ́ agbára pulse kan, tí w sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín ìtànṣán dé etí rẹ̀. Bí w bá jẹ́ 10 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), tí pulse kan gbé 1 µJ (ìdá kan nínú mílíọ̀nù joule), àárín àmì, ìyẹn ojú ibi tí pulse bọ́ sí, gba nǹkan bíi 0.64 J/cm². Ká ní 0.2 J/cm² ni ààlà tí awọ ti ń ṣí, ihò á fẹ̀ tó 15 µm, nítorí D² = 2w² ln(F/ààlà), níbi tí D ti jẹ́ fífẹ̀ ihò, tí ln sì jẹ́ lọ́gárídíìmù àdánidá.

Láti mọ ààlà gan-an, wọ́n á yin pulse kọ̀ọ̀kan sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú agbára tó yàtọ̀ síra, wọ́n á fi maikirosíkóòpù wọn D, wọ́n á sì ya D² sí ln E. Bí ìlà náà ṣe dagun tó fún wọn ní w. Ibi tí D² ti di òdo ni ààlà. J. M. Liu ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí lọ́dún 1982. Bí pulse bá ń bọ́ sójú kan léraléra, ààlà máa ń wálẹ̀, nítorí náà iye ti pulse ẹyọ kan kò tó fún yíya ìlà.

Bí àlàfo láàárín pulse bá jẹ́ 10 µm, etí ìlà á rí bí eyín ayùn: ibi tó fẹ̀ jù á jẹ́ 15 µm, ibi tó há jù á jẹ́ nǹkan bíi 11. Bí wọ́n bá dín in sí 5 µm, ibi tó há á tó 14. Ní 200 kHz (pulse 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), 5 µm yìí túmọ̀ sí 1 m láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1030 nm àti w kan náà, bí ojú awọ bá yẹ̀ ní 0.3 mm péré kúrò níbi tí lẹ́ǹsì pa ìtànṣán jọ sí, agbára àárín á dínkù sí ìdajì. Lára ọ̀rá tó wọ́, èyí ló máa ń fi erékùṣù awọ sílẹ̀ láàárín ìlà. Tábìlì tó ń fa ọ̀rá mọ́lẹ̀ ló ń dènà rẹ̀. Ìlà lè mọ́ nínú maikirosíkóòpù kí mítà ṣì fi hàn pé iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Fífi agbára kún un kì í fìgbà gbogbo tán an, torí gíláàsì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ dín àlàfo kù. Etí tó bá yọ sókè burú jù, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ awọ mìíràn lé e: ó lè gún un kọjá, kí iná sì fara kanra.

Bí awọ bá jẹ́ molybdenum (irin kan tó ń gbé iná) lórí gíláàsì, wọ́n lè yin ín láti ẹ̀yìn gíláàsì, kí awọ náà bó kúrò lódindi.

Ìlò

Wọ́n ń lò ó fún ojú fóònù ìfọwọ́kàn àti páánẹ́lì sólà aláwọ fẹ́lẹ́. Nínú páánẹ́lì CIGS (tí wọ́n fi bàbà, índíọ̀mù, gálíọ̀mù àti sẹ̀léníọ̀mù ṣe awọ tó ń gba oòrùn), ìlà mẹ́ta ni wọ́n ń yà: P1 ń pín molybdenum ìsàlẹ̀, P2 ń la awọ tó ń gba oòrùn, P3 sì ń pín awọ òkè. P2 kò gbọdọ̀ gé molybdenum, torí ibẹ̀ ni awọ òkè ti máa kàn án.