Ẹ Má Fọwọ́ Sí I

Ìyá ọlọ́mọ kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tó máa gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó ti fọwọ́ sí wá bá mi ní Wuse, l'Abuja. "Barísítà mà, wọ́n ní tí mi ò bá kọ ọ́, àwọn á lé mi." Kí wọ́n lé yín! Ẹni tí wọ́n lé ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé, ó ti sọ ẹnu mi di odi níwájú adájọ́.

Òfin Iṣẹ́ wa, abala 54, fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín àsìkò iṣẹ́. Kì í ṣe àánú ọ̀gá. Àdéhùn Maputo, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, tí Nàìjíríà bu ọwọ́ lù náà ní kí ìjọba mọ iyì owó tó wà nínú iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nílé, àti pé lẹ́yìn bàbá àti ìyá, ìjọba àtàwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ojúṣe nínú títọ́ ọmọ. Lọ́dún 2018, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣírò iṣẹ́ ìtọ́jú tẹ́nikẹ́ni kì í san owó rẹ̀ láwọn orílẹ̀-èdè 64: wákàtí bílíọ̀nù 16.4 lójoojúmọ́. Obìnrin ló ń ṣe ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó yó, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dé ibi iṣẹ́ laago mẹ́jọ, ẹnìkan ló se oúnjẹ yẹn, ilé-iṣẹ́ ò sì fún onítọ̀hún ní kọ́bọ̀.

Wọ́n á ní, "Òṣìṣẹ́ kọngílá ni, kì í ṣe tiwa." Irọ́ ni. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé lọ́dún 2011 sọ pé ilé-iṣẹ́ ò lè fi kọngílá bojú. Ìlànà yẹn nìkan ò lè múni dé ẹ̀wọ̀n, àmọ́ òfin ọdún 2010 tó tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe ti fún ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lágbára láti lo àdéhùn iṣẹ́ àgbáyé tí a ti tọwọ́ bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Obìnrin ará Ọ̀fà kan ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ńlá kan, ó ń ti Nyanya wá. Wàrà á rin yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ gbingbin kó tó di ọ̀sán. Dípò kó wá sọ́dọ̀ lọ́yà, ọ̀dọ̀ wòlíì ló lọ, ìyẹn sì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje kí ojú ọ̀gá lè rọ̀. Ìyá ọlọ́mọ oṣù mẹ́ta! Inú ń bí mi títí dòní. Gbogbo ìgbà tó bá wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ fún wàrà dànù, súfáísọ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́, á sì ní kó fọwọ́ sí i. Mọ́kànlá ni mo kà. Lọ́yà wọn kà wọ́n sókè ní kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi í léraléra: "Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."