Ohun tó ń múnú èèyàn dùn láti kékeré títí dọjọ́ ogbó

Ohun tó ń múnú ọmọdé dùn kọ́ ló ń múnú àgbà dùn, kò sẹ́ni tí ò mọ ìyẹn, àmọ́ àwọn onímọ̀ fẹ́ rí i nínú òǹkà. Ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà ṣe é ni pé kéèyàn fojú inú wo àkàbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, kó wá sọ orí àtẹ̀gùn tí ayé òun wà, òun náà ni World Happiness Report, ìyẹn ìjábọ̀ nípa ìdùnnú kárí ayé tó ń jáde látọdún 2012, fi ń to àwọn orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀rín ọmọ kékeré ò le. Síbẹ̀, lọ́dún 2012 àwọn olùwádìí kan ní Kánádà kíyè sí àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2, wọ́n rí i pé inú wọn ń dùn tí wọ́n bá fún ọmọlangidi ní ìpápánu ju ìgbà táwọn fúnra wọn gbà á lọ, àgàgà tó bá jẹ́ látinú tiwọn ni wọ́n ti yọ fún un.

Tó bá ti di ìgbà ọ̀dọ́, nǹkan tuntun ni wọ́n ń wá, ìrìn àjò, ìfẹ́, ohun tó máa ń mú kí ara èèyàn yá gágá. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 yẹ ohun táwọn èèyàn ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, ó sì hàn pé táwọn ọ̀dọ́ bá ní inú àwọn ń dùn, orí ń yá wọn ni, táwọn àgbà bá sọ ọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àárín ló wá le. Lọ́dún 2008, David Blanchflower àti Andrew Oswald, onímọ̀ ọrọ̀ ajé làwọn méjèèjì, sọ pé tí wọ́n bá ya ìdùnnú sórí ìwé bọ́jọ́ orí ṣe ń lọ, ó máa rí bíi lẹ́tà U, ìsàlẹ̀ pátápátá wá bọ́ sí nǹkan bí ogójì sí àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn nígbà yẹn, ọmọ wà níwájú, òbí tó ti ń darúgbó wà lẹ́yìn, èyí téèyàn sì ti ń retí látìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ lè má tíì dé, ó sì ti ń mọ̀ pé bóyá ni yóò dé. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìwádìí ọdún 2012 lórí àwọn ìnàkí àti orangutan (ẹ̀yà ọ̀bọ ńlá kan) 508, tó jẹ́ pé àwọn tó ń tọ́jú wọn ló dáhùn fún wọn, rí irú U yìí kan náà, àwọn wọ̀nyẹn ò sì jẹ gbèsè ilé kankan! Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á ṣá, torí àwọn kan tó tẹ̀ lé èèyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ò rí i.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí náà ní ọjọ́ orí tiẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2011 lórí orílẹ̀-èdè 86, àwọn òbí tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ò láyọ̀ tó ẹgbẹ́ wọn tí ò bímọ, bí wọ́n bá ṣe ń bí sí i ló ń dín kù, àmọ́ tó bá ti kọjá ogójì ọdún, ọmọ a wá di ayọ̀.

Lọ́jọ́ ogbó, Laura Carstensen, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, sọ pé àkókò tó kù ló ń yí ọkàn padà, kì í ṣe ọjọ́ orí fúnra ẹ̀. Ẹni tó rí i pé ọjọ́ ò pọ̀ mọ́ a jẹ́ kí ojúlùmọ̀ lọ, a di àwọn mélòó kan tó fẹ́ràn mú, kódà àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní àrùn HIV nígbà tí oògùn ò tíì dáa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí Yunifásítì Harvard tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938, tó ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn èèyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, náà bá a mu, ìtẹ́lọ́rùn táwọn èèyàn ní pẹ̀lú ẹni tó sún mọ́ wọn ní àádọ́ta ọdún sọ ohun tí ara wọn máa rí ní ọgọ́rin ju èyí tí kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sọ lọ. Àmọ́ ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ikú, tí àìsàn bá dé, ìdùnnú a tún máa lọ sílẹ̀.

Apá òsì lẹ́tà U náà sì ti ń tẹ̀ láwọn ibì kan báyìí: nínú World Happiness Report ọdún 2024, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wà nípò 10 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn tí ò tíì pé ọgbọ̀n wà nípò 62.