Èsì àyẹ̀wò HIV: ọjọ́ là ń kà, kì í ṣe iye ìgbà

Ẹlòmíì á ṣe àyẹ̀wò HIV lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èsì márààrún á ní kò sí nǹkan kan, síbẹ̀ kò ní rí oorun sùn. Ó ti yá jù ni. Márààrún kò tíì lè sọ ohunkóhun.

Ọ̀pọ̀ kíìtì kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá a jà ni wọ́n ń wá, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ara tó pèsè rẹ̀ tó. Irú kíìtì bẹ́ẹ̀ lè rí i láti nǹkan bí ọjọ́ 23 lẹ́yìn ohun tó lè mú kí èèyàn kó o, àmọ́ ó di ọjọ́ 90 kí èèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí. Èyí tí láàbù ń fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe tún ń wá p24, èròjà kan lára kòkòrò náà, nítorí náà ọjọ́ 45 tó fún un. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọjọ́ 45 bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ọjọ́ 90 sì bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún. Bí kò bá tíì pé wákàtí 72, èèyàn kò gbọdọ̀ jókòó máa ka ọjọ́: oògùn ọlọ́jọ́ 28 wà nílé ìwòsàn tó lè dènà rẹ̀. Ẹni tó bá lò ó, dókítà ni yóò dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún un, torí oògùn náà lè mú kí èsì pẹ́.

OraQuick, kíìtì tí à ń fi nu èrìgì, ni ọ̀pọ̀ ń rà fún ilé. Ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, ẹ fi nu èrìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kà á láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40. Ilà kan níbi lẹ́tà C lára kíìtì: kò rí nǹkan kan. Ilà méjì, bí ti T tilẹ̀ ṣe bàìbàì: ó yẹ kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ilà C kò bá jáde, kíìtì ti bàjẹ́. Ilà tí èèyàn rí nígbà tó lọ gbé kíìtì àná jáde nínú ààtàn kì í ṣe èsì.

Ilà méjì náà kò tíì parí ọ̀rọ̀. Nínú 1,000 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, bíi 14 ló ní in gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2018. Ká ní kíìtì kan ṣi márùn-ún mú nínú àwọn tó kù, a jẹ́ pé márùn-ún nínú 19 tí ilà méjì jáde fún kò ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kíìtì mìíràn tún un ṣe.

Ibà, ara ríro àti ọ̀fun dídùn kò lè rọ́pò àyẹ̀wò. Ibà ẹ̀fọn ń mú irú rẹ̀ wá. Àìbalẹ̀ ọkàn fúnra rẹ̀ ń fa òógùn òru, ìgbẹ́ gbuuru àti iṣan fífà. Bí ọjọ́ bá ti pé, tí èsì sì ní kò sí, tí ohun tuntun kò tún ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò míì kò fi nǹkan kan kún ìmọ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́, ọkàn á tún béèrè òmíràn. Nígbà míì, ẹ̀rí ọkàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń dáni lẹ́bi, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè dáhùn ìyẹn. Bí ìfẹ́ láti tún un ṣe, láti yẹ ahọ́n wò tàbí láti wá àmì àìsàn lórí fóònù bá dé, kí èèyàn sún un síwájú ní wákàtí kan, lọ́la kó sún un ní méjì. Bí kò bá rọlẹ̀, ó yẹ kó rí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn èrò ọkàn. Ó ní ìtọ́jú, lílọ síbẹ̀ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di wèrè.